Ìkaraun ọta tó ṣàjèjì tí mo ṣà ní réǹjì, ẹ bá mi wò ó

Ọmọ Ọdẹ TX

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń lọ yìnbọn ní wíkẹ́ńdì ni mo ní ìbéèrè fún. Èmi fúnra mi ò kí ń yìnbọn púpọ̀ mọ́ torí ọta ti wọ́n kọjá ààlà, ṣùgbọ́n mo ṣì máa ń lọ sí réǹjì kan tó wà lẹ́yìn Houston níbí, mo máa ń ṣa idẹ, ìyẹn ìkaraun ọta tí wọ́n ti yìn, nílẹ̀. Ọ̀gá tó ń mójú tó ibẹ̀ ti fún mi láyè, ó ní ohun tó bá wà nílẹ̀ ni tèmi, èyí tó bá ti wọnú bọ́kẹ́ẹ̀tì tiwọn ni, kí n má fọwọ́ kàn án, tí wọ́n bá sì ń yìnbọn lọ́wọ́ mi ò gbọdọ̀ kọjá ilà pupa. Kò sí wàhálà kankan láàárín wa. Ohun tí mo sábà máa ń rí ò ju nine millimeter (ọta ìbọn ìléwọ́) àti .223 (ọta ìbọn gígùn) lọ, mo máa ń kó wọn fún ọ̀rẹ́ mi kan tó máa ń fi wọ́n tún ọta dì fúnra ẹ̀ nílé.

Àfi bó ṣe di Sátidé tó kọjá tí àwọn bàbá òyìnbó kan gbé oríṣiríṣi ìbọn wá, wọ́n yìn ín tẹ́rùn, wọ́n bá tiwọn lọ láì ṣa nǹkan kan. Àwọn nǹkan tí mo rí nílẹ̀ lẹ́yìn wọn ò yé mi rárá. Ọ̀kan dà bíi .45, ẹnu ẹ̀ fẹ̀ bíi ti .45 gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ó kúrú, tí mo bá gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ó fi bíi mílímítà mẹ́ta àti díẹ̀ kúrú sí i, primer ìdí ẹ̀, ohun tó ń tanná sí ẹ̀tù, náà kéré, mo ti ń rò ó pé bóyá ẹnì kan ló fi ayùn gé e àmọ́ ẹnu ẹ̀ gún régé. Òmíràn kéré, ó lọ́rùn, ara ẹ̀ ń yọ̀ lọ́wọ́ ṣáá, ó ṣe bíi pé wọ́n fi nǹkan pa á lára. Òmíràn tún wà, .45 ni, ìyẹn ò ní àríyànjiyàn, ṣùgbọ́n òòfà gbé e! EC 43 ni wọ́n tẹ̀ sí ìdí ẹ̀, kò sí orúkọ kálíbà (ìwọ̀n ọta), kò sí nǹkan míì. Lẹ́yìn náà ni .308 kan tó ní ìlà dúdú gbọọrọ gbọọrọ láti ọrùn wá sí ìsàlẹ̀, ìlà náà yí i ká, àlàfo àárín wọn dọ́gba.

Èyí tó wá jẹ́ kí n mọ̀ pé nǹkan kan ò tọ́ ni nine kan báyìí. Wọ́n kọ 9mm Luger sí ìdí ẹ̀ ketekete. Ṣùgbọ́n ẹnu ẹ̀ ti gbòòrò débi pé tí mo bá ju orí ọta nine sínú ẹ̀ ńṣe ló ń já lọ sí ìsàlẹ̀ gbàlà, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kan sì ti là díẹ̀.

Ta ló mọ ohun tí àwọn yìí jẹ́? Ṣé kí n kó gbogbo ẹ̀ fún àwọn tó ń ra irin àlòkù ni, àbí wọ́n lówó lórí?

Bàbá Ìbejì Atlanta

Àbúrò, má tíì kó nǹkan kan fún oníkóńdẹ́ḿ o jàre.

Màá kọ́kọ́ mú èyí tó o fi sí ìparí yẹn torí òun ló lè ṣe èèyàn léṣe. Ẹni tó yin nine yẹn, ìbọn .40, tí ọta ẹ̀ sanra ju nine lọ, ló wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé èèyàn á gbé ìbọn méjì lọ sí réǹjì, ọ̀kan nine, ọ̀kan .40, á da ọta méjèèjì sórí tábìlì kan náà, á máa bá ẹni ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tàkúrọ̀sọ á sì máa ki ọta sínú mágásíìnì (àpò ọta ìbọn) lọ, kó tó mọ̀, nine kan ti bọ́ sáàárín .40. Ẹnu kéèsì (ìkaraun) nine ò tó mílímítà 10, ti .40 fi díẹ̀ lé ní 10 ààbọ̀, torí náà á wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ìkọ́ tó máa ń fa kéèsì jáde nìkan ló máa dì í mú níbẹ̀ tí abẹ́rẹ́ ìbọn á fi rí i gún. Tí ẹ̀tù bá ti gbiná, á fẹ́ kéèsì yẹn títí ara ẹ̀ á fi lẹ̀ mọ́ ògiri ihò tí ọta ń jókòó sí nínú ìbọn, ìdí nìyẹn tí ẹnu ẹ̀ fi gbòòrò tó fi là. Orí ọta ní tiẹ̀ kéré sí agbá ìbọn, kò ní rí nǹkan dì mú, á kàn máa gbá ẹ̀gbẹ́ kiri inú agbá títí á fi jáde, ìró ẹ̀ á rẹlẹ̀, kò sì ní kan páálí tí wọ́n ń yìn. Ìbọn náà ò ní lè fi ọta míì sínú fúnra ẹ̀. Ẹni tó yìn ín á wo ìbọn tìyanu-tìyanu, á ní ọta yìí ò dáa, á fà á sẹ́yìn, á máa bá tiẹ̀ lọ, kò tiẹ̀ ní mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Àṣírí wá wà nílẹ̀ tí ìwọ lọ ṣà á. Ọ̀dìkejì ẹ̀ ò ṣeé ṣe o, .40 ò lè wọ inú ìbọn nine, ó sanra jù.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa sọ fún àwọn ọmọdé tó ń bá mi lọ sí réǹjì pé àkọlé ìdí kéèsì ò tó. Ìdí ẹ̀ á sọ ibi tí wọ́n ti ṣe é, ara ẹ̀ ló máa sọ irú ìbọn tó ti inú ẹ̀ jáde.

Wo .308 tó ní ìlà yẹn fún àpẹẹrẹ. Mo fẹ́ fi ẹ́ búra pé àwọn lẹ́tà LC wà ní ìdí ẹ̀ pẹ̀lú àmì àgbélébùú nínú àyíká róbótó, ìyẹn àmì NATO, ẹgbẹ́ ológun Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, Lake City ni LC, ilé iṣẹ́ ọta ìjọba tó wà ní Independence ní Missouri. Ìyẹn ò sọ nǹkan kan nípa ìbọn. Ìlà dúdú yẹn ló sọ ọ́. Ìbọn ilé iṣẹ́ Jámánì tó ń jẹ́ Heckler & Koch ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, G3 àti àwọn ọmọ ẹ̀ tí wọ́n ń tà fún ará ìlú, HK91 àti PTR-91. Ìbọn yẹn ò ní písítìn gáàsì bíi ti AK, kẹ̀kẹ́ irin kéékèèké méjì ló ń dá ẹ̀yìn ẹ̀ dúró fún ìṣẹ́jú àáyá tó kéré gan-an, ẹ̀yìn ẹ̀ sì ti máa ń ṣí nígbà tí agbára gáàsì ṣì pọ̀ nínú ẹ̀. Tí ògiri ihò yẹn bá dán lásán, kéèsì á lẹ̀ mọ́ ọn, ìkọ́ á fa ìdí ẹ̀ ya. Àwọn tó ṣe é wá la ojú kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ sí ògiri ihò náà, gáàsì ń gba ibẹ̀ kọjá, ó ń gbé kéèsì kúrò lára ògiri. Èéfín tó gba ojú kòtò yẹn ló kọ ìlà sí kéèsì ẹ lára. Jámánì gba G3 fún àwọn ọmọ ogun wọn ní 1959, àwọn ọmọ ogun tiwa náà sì ti gbé e rí nílé. MP5, ìbọn ilé iṣẹ́ yẹn kan náà tó ń yin nine, náà máa ń ṣe irú ìlà yẹn sára kéèsì ẹ̀. Tó o bá rí nine tó nílà, tétí sílẹ̀, ẹnì kan ti gbé nǹkan olówó ńlá wá síbẹ̀.

EC 43 ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ẹ̀. O mọ̀ pé bàbà ló pọ̀ jù nínú idẹ tí wọ́n fi ń ṣe kéèsì, ìdá 70 nínú 100 ni bàbà, ìyókù zinc. Nígbà ogun Hítílà bàbà wọ́n ní Amẹ́ríkà, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin ṣe kéèsì .45. Ilé iṣẹ́ Chrysler tó wà ní Evansville ní Indiana, ọkọ̀ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ o, wọ́n yí i padà sí ilé iṣẹ́ ọta. Evansville ni E, Chrysler ni C, 43 ni 1943. Ọta .45 tí wọ́n ṣe níbẹ̀ kí ogun tó parí ju bílíọ̀nù 3 lọ. Ní 1943 yẹn kan náà ni ìjọba Amẹ́ríkà fi irin tí wọ́n pa zinc lára ṣe penny, owó ẹyọ wọn, torí wọ́n ń tọ́jú bàbà fún ogun, nígbà tó wá di 1944 wọ́n yọ́ kéèsì àlòkù mọ́ bàbà tí wọ́n fi ń ṣe penny. Ṣé ẹ rí ayé! Kéèsì tìẹ ò dógùn-ún àbí? Tó bá jẹ́ láti ayé ọjọ́un ló ti wà nínú iyanrìn Texas, ì bá ti jẹrà. Bàbá kan ló jogún páálí ọta lọ́wọ́ bàbá ẹ̀ tó sì wá yìn ín ní Sátidé. Kò lówó lórí púpọ̀, wọ́n pọ̀ jù nígboro, ṣùgbọ́n èmi ò ní tà á tó bá jẹ́ tèmi.

Èyí tó kúrú yẹn, kò sẹ́ni tó gé e. .45 GAP ni. Glock tó ń ṣe ìbọn àti Speer tó ń ṣe ọta ló jọ gbé e jáde ní 2003, wọ́n fẹ́ kí ọta .45 wọ inú ìbọn tí ìdìmú ẹ̀ ò sanra ju ti nine lọ, kí ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ kéré lè dì í mú dáadáa. Kéèsì .45 ACP, ìyẹn .45 tí gbogbo èèyàn mọ̀, gùn tó mílímítà 22.8, ti GAP 19.2. Ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ New York gbà á lò nígbà kan, àwọn ìpínlẹ̀ mélòó kan náà gbà á, nígbà tó yá wọ́n pa á tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ti ń kú lọ díẹ̀díẹ̀, inú èèyàn sì máa ń dùn tó bá rí i nílẹ̀. Sọ fún ọ̀rẹ́ ẹ kó má dà á mọ́ .45 ACP nínú ẹ̀rọ ẹ̀, wọ́n jọra lójú tó bá rẹ èèyàn.

Èyí tó lọ́rùn tó ń yọ̀, 5.7x28 ni, ilé iṣẹ́ ìbọn FN ti Belgium ló ṣe é fún ìbọn P90 wọn. Ọ̀dà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ wà lára ẹ̀ lóòótọ́, o ò fọwọ́ tàn ara ẹ jẹ. Tí ẹ bá fẹ́ tún un dì, ẹ má fi abẹ́rẹ́ irin àti omi fọ̀ ọ́ o, ọ̀dà yẹn á bó, ọ̀dà yẹn ló ń jẹ́ kó jáde nínú ìbọn wọ́ọ́rọ́.

Alágbàwí Ìlú

Mo ka gbogbo èyí tán, mo wá ń bi ara mi pé kí ni ọmọ Yorùbá ń wá nínú iyanrìn pẹ̀lú ẹ̀yìn títẹ̀ ní ilẹ̀ olówó. Ẹ lọ ṣe overtime ẹ jàre 😂

Ọmọ Ọdẹ TX

@Alágbàwí Ìlú ọdẹ ni bàbá mi, ọdẹ ni bàbá bàbá mi, ẹ̀yin tó jẹ́ pé ata ni bàbá yín ń tà ò lè mọ̀ 😂 Overtime náà mo ń ṣe é.

Bàbá Ìbejì, ẹ ṣeun sà, ẹ kú làákàyè. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wò ó, LC ló wà ní ìdí .308 yẹn lóòótọ́ pẹ̀lú àgbélébùú nínú róbótó! Báwo lẹ ṣe mọ̀ láì rí i?

Bàbá Ìbejì Atlanta

Ọta ológun tí wọ́n tà fún ará ìlú pọ̀ gan-an nínú .308 tó ń wà nílẹ̀, Lake City sì wọ́pọ̀ nínú ìyẹn. Kì í ṣe ìyanu.

Mọrẹ́nikẹ́ Woolwich

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀gbọ́n. Èmi wà ní London, ní tiwa níbí kò sí ẹni tó ń rí nine nílẹ̀, wọ́n ti fòfin de ìbọn ìléwọ́ láti 1997 lẹ́yìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ ilé ìwé ní Dunblane ní 1996, torí náà ìbọn gígùn nìkan ló kù fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Ẹgbẹ́ tí mo wà máa ń lọ sí Bisley ní Surrey, pápá yẹn ti wà láti 1890, ẹ lè fojú inú wo ohun tó ti bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀.

.303 ni mo fẹ́ràn láti máa wá. Ìdí ẹ̀ ní etí tó yọ síta, kì í ṣe bíi ti .308 tó tẹ́ dọ́gba pẹ̀lú ara ẹ̀, ẹ ò lè ṣì í mọ̀. Òun ni ọta ìbọn Lee-Enfield. Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ wà níbí á rántí ìbọn Máàkì Fọ́ọ̀ tí àwọn ọlọ́pàá máa ń gbé kọ́ èjìká nílé nígbà tá a wà ní kékeré, èyí tó ní pákó láti òkè délẹ̀, òun náà nìyẹn. Òun náà ni àwọn bàbá wa gbé lọ ogun Bọ́mà. Torí náà tí mo bá rí .303 tí wọ́n kọ 1943 tàbí 1944 sí ìdí ẹ̀, mo máa ń dákẹ́ wò ó díẹ̀.

Lẹ́tà ìdí ẹ̀ ló máa ń dùn mọ́ mi. RG ni ilé iṣẹ́ ọta Radway Green, K ni ilé iṣẹ́ Kynoch ní Birmingham, VII tó máa ń wà níbẹ̀ kì í ṣe ọdún o, Mark 7 ló túmọ̀ sí, irú ọta tó jẹ́. Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín ni RL. Royal Laboratory ni, ibo ló wà? Woolwich! Woolwich tá à ń gbé yìí, níbi tẹ́ ẹ ti ń ra èlùbọ́ àti pọ̀nmọ́ ní gbogbo Sátidé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe ọta fún àwọn ọmọ ogun ọba Gẹ̀ẹ́sì láyé ọjọ́un. Mo sọ ọ́ fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì mi, kò sẹ́ni tó kà á sí 😩

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un fún Ọmọ Ọdẹ torí ọ̀rẹ́ ẹ tó ń di ọta. Kó tó fi kéèsì àjèjì kankan sínú ẹ̀rọ, kó tan tọ́ọ̀ṣì sínú ẹ̀ kó wo ìsàlẹ̀. Tó bá rí ihò kan ṣoṣo láàárín, Boxer ni, ó rọrùn láti gún primer àtijọ́ jáde. Tó bá rí ihò kéékèèké méjì, Berdan ni, tó bá fi abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ gún un, abẹ́rẹ́ á ṣẹ́. .303 ológun tiwa níbí, Berdan ló pọ̀ jù, ọta Rọ́ṣíà náà Berdan. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé ará Amẹ́ríkà ni Hiram Berdan o, Edward Boxer ló jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, Woolwich yìí náà ló ti ṣiṣẹ́. Àsìkò kan náà ni àwọn méjèèjì gbé tiwọn jáde, lẹ́yìn 1865, Amẹ́ríkà wá mú ti Gẹ̀ẹ́sì, Yúróòpù mú ti Amẹ́ríkà. Olúkúlùkù gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ.

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́

Ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ ya ọ̀rọ̀ yín díẹ̀, ẹ má bínú. Mo rí i pé gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ fífọ kéèsì, kò sí ẹni tó mẹ́nu kan òjé. Primer tó ń bẹ ní ìdí ọta yẹn, òjé wà nínú èyí tó pọ̀ jù lára wọn, tí ó bá gbiná ó máa ń di eruku dúdú tó wà nínú kéèsì àti lára ẹ̀. Tó o bá kó o sínú àpò ṣòkòtò tó o wá jẹ búrẹ́dì nínú mọ́tò, o ti jẹ òjé. Tó o bá gbé e dé ilé tí ọmọ kékeré ń rákò lórí kápẹ́ẹ̀tì, ọmọ yẹn náà ti jẹ ẹ́.

Kì í ṣe pé mo fẹ́ dẹ́rù bà yín. Ẹ rántí Zamfara ní 2010, àwọn tó ń fọ́ òkúta wúrà nínú ọgbà ilé wọn, òjé wà nínú òkúta yẹn, eruku ẹ̀ gba gbogbo ilé, àwọn ọmọdé tó kú ju 400 lọ. Ti inú kéèsì ò tó ìyẹn rárá, ṣùgbọ́n ara ọmọdé ò mọ̀ pé eléyìí kéré. Òjé kì í tètè kúrò lára, ọpọlọ ọmọ ló máa ń bá jà.

Torí náà: gílọ́ọ̀sì, ọṣẹ àti omi tútù kó o tó fọwọ́ kan oúnjẹ, bàtà réǹjì ò gbọdọ̀ wọ pálọ̀. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ tó ń yí gbẹrẹgẹdẹ pẹ̀lú ṣùkù àgbàdo tí wọ́n lọ̀ fọ kéèsì, ẹ gbé e síta, ẹ má gbé e sí kíṣìnnì, eruku tó ń jáde nígbà tẹ́ ẹ bá ń sẹ́ ẹ gan-an ló burú jù. Omi ló dáa jù láti fi fọ̀ ọ́ torí omi á di eruku mú. Ẹ má wá da omi yẹn sídìí ẹ̀fọ́ ṣá.

Bàbá Ìbejì Atlanta

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun púpọ̀, òótọ́ pọ́ńbélé. Ti 5.7 yẹn ni mo ní kí wọ́n má fi abẹ́rẹ́ irin fọ̀, omi àti ọṣẹ lásán ò ṣe é ní nǹkan kan.

Ọmọ Ọdẹ TX

Nọ́ọ̀sì Àdùkẹ́ ẹ kú àbójútó wa mà. Ìyàwó mi ka ohun tẹ́ ẹ kọ yìí, ó ti lé bọ́kẹ́ẹ̀tì mi bọ́ sí gáréèjì kí n tó parí kíkà 😂

Ìbéèrè kan ló kù sí mi lára. Nínú .223 tí mo ṣà, àwọn kan wà tó kúrú tí ọrùn wọn sì fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, LC ni wọ́n kọ sí ìdí wọn, 16, ó dá mi lójú pé .223 ni, àmọ́ gíga wọn ò ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin .223 gidi lọ. Ṣé àwọn náà ti fẹ́ nínú ìbọn tí kì í ṣe tiwọn ni? Èkejì, mo ń lọ sílé ní December, mo fẹ́ kó díẹ̀ dání fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọdẹ ni wọ́n, inú wọn á dùn láti rí EC 43 yẹn. Kéèsì lásán ni, kò sí ẹ̀tù nínú ẹ̀, ṣé ó léwu?

Bàbá Ìbejì Atlanta

Àbúrò, mo ti retí kó o béèrè ìyẹn. Kúkúrú tó o ń sọ yẹn, .300 Blackout ni. Ìdí .223 àti 5.56 (irú .223 tí àwọn ológun ń lò) ni ìdí ẹ̀, torí náà ọ̀pọ̀ èèyàn ń gé kéèsì LC kúrú, wọ́n á fi ẹ̀rọ tẹ ọrùn tuntun fún un, ó di .300. Àkọlé ìdí ẹ̀ ò yí padà, LC 16 tó ti wà níbẹ̀ náà ló máa wà níbẹ̀. Ìyẹn ni mo ń sọ lẹ́ẹ̀kan pé ìdí kéèsì nìkan ò tó, ẹ gbọ́dọ̀ wọ̀n ọ́n. Kéèsì .300 ò ju mílímítà 35 lọ, ti .223 sún mọ́ 45.

Ewu tó wà nínú ẹ̀ sì pọ̀ ju ti nine nínú .40 lọ fíìfíì. Mágásíìnì kan náà ni ìbọn méjèèjì ń lò. Àwọn ọta .300 kan máa ń wọ inú ìbọn .223 dáadáa, ìbọn náà á tì. Orí ọta .300 fẹ̀ tó mílímítà 7.8, agbá .223 ò tó 5.7. Ibo ni orí ọta yẹn fẹ́ gbà? Gbogbo agbára ẹ̀tù á padà sẹ́yìn, ìbọn á bú gbàù lójú ẹni tó mú un. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹni tó bá ní ìbọn méjèèjì, kó fi bẹ́ńdì aláwọ̀ sí mágásíìnì ọ̀kan, kó má sì gbé méjèèjì lọ sí réǹjì lọ́jọ́ kan náà. Ìwọ ní tìẹ, ya kéèsì .300 sọ́tọ̀ fún ọ̀rẹ́ ẹ, àwọn tó ń di ọta máa ń wá a.

Ọ̀rọ̀ lílọ sílé, jẹ́ kí n bá ẹ sọ òótọ́ ọ̀rọ̀: má gbé e. Kò sí ẹ̀tù nínú ẹ̀ lóòótọ́, ìwọ mọ̀, èmi mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó máa ṣí báàgì ẹ ní Murtala Muhammed ló máa pinnu ohun tó rí, kò sì ní jókòó gbọ́ ìtàn Chrysler lẹ́nu ẹ. Fọ́tò ni kó o yà fún ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ. Ohun tó tún burú jù ni pé báàgì tó o fi ń lọ réǹjì yẹn, má lò ó rìnrìn àjò láéláé. Ní 2024 àwọn ará Amẹ́ríkà mélòó kan kó sí wàhálà ní Turks and Caicos, àwọn erékùṣù kan ní Caribbean, torí ọta díẹ̀ tí wọ́n bá nínú báàgì wọn, òfin ibẹ̀ nígbà yẹn sì ní ọdún 12 lẹ́wọ̀n ló kéré jù. Wọ́n padà fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú owó ìtanràn àti ẹ̀wọ̀n tí wọ́n dá dúró, àmọ́ ojú wọn ti rí màbo. Torí náà dojú báàgì dé, gbọ̀n ọ́n, ki ọwọ́ sí gbogbo àpò ẹ̀.

Èyí náà kan ẹni tó ń ṣa idẹ o. Tó o bá rí ọta tí orí ẹ̀ ṣì wà lórí ẹ̀, tí primer ẹ̀ sì ti jìn, kò tíì kú nìyẹn, abẹ́rẹ́ gún un ni, kò gbiná. Má dà á mọ́ idẹ, má jù ú sínú ẹ̀rọ ìfọkéèsì, fún ọ̀gá réǹjì, wọ́n ní àpótí tí wọ́n ń kó irú ẹ̀ sí.

Alágbàwí Ìlú

Ẹ̀yin èèyàn yìí, mo wá síbí láti fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, mo sì ti ka gbogbo ẹ̀ tán. Ìbéèrè tèmi náà rè é o. Bùọ̀dá ìyàwó mi fún mi ní ọta .22 díẹ̀, èèpo wọn wà nílẹ̀ lẹ́yìn ilé, H nìkan ni wọ́n kọ sí ìdí ẹ̀. Kí ni H?

Mọrẹ́nikẹ́ Woolwich

Ẹ kú àbọ̀ 😂 Winchester ni. H yẹn, Henry ni, Benjamin Tyler Henry tó ṣe ìbọn Henry ti 1860, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ìbọn yẹn ló padà di Winchester ní 1866, wọ́n wá ń tẹ H sí ìdí ọta wọn láti fi yẹ́ ẹ sí. .22 ò ṣeé tún dì o, ẹ má wulẹ̀ ṣà á nítorí ìyẹn, inú etí ìdí ẹ̀ ni ohun tó ń gbiná wà, kò ní primer tó ṣeé yọ.

Ọmọ Ọdẹ TX

Ẹ ṣeun gbogbo yín. Mo ti ya .300 sọ́tọ̀, ọ̀rẹ́ mi ti gba 5.7, nine tó là yẹn mo ti fi han ọ̀gá réǹjì, ó ní òun máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́ọ̀dù tó wà lẹ́nu ọ̀nà kí àwọn tó ń bọ̀ lè rí i. .45 GAP yẹn ni ò tíì rí ẹni tó máa gbà á.

Bàbá Ìbejì Atlanta

Èmi ni. Mo ṣì ní Glock 37 nílé, tí mo bá sì dé ṣọ́ọ̀bù pé mo fẹ́ ra ọta ẹ̀ ńṣe ni wọ́n máa ń wò mí bíi pé mo béèrè epo láǹtánà. Tó o bá tún rí i nílẹ̀, ṣà á, màá san owó pósítì.